Ilé Tí Títì Sọ Di Àjà Ilẹ̀

Bí ènìyàn bá ń rìn lọ ní àwọn òpópónà àtijọ́ tí ó wà ní Muṣin, ní Ṣómólú, ní Agége àti ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí kò gbé ojú sókè wo àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun tí àwọn ọlọ́lá ìsinsìnyí ń kọ́, ṣùgbọ́n tí ó rọra wo ẹsẹ̀ àwọn ilé àgbà, àwọn ilé tí a ti kọ́ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960, yóò rí ohun kan tí kò yẹ ní rírí: ẹnu ọ̀nà tí àwọn tí ó kọ́ ilé náà fi àtẹ̀gùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin gùn wọ̀ ti di ibi tí a ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀, fèrèsé tí ó ga tó àyà ẹni tí ó bá dúró ní títì nígbà náà kò ga ju orúnkún rẹ̀ lọ mọ́, gọ́tà tí ìjọba ṣe sí iwájú ilé sì ti ga ju ilẹ̀ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí lọ. Kò sí ẹni tí ó gbẹ́ kòtò fún àwọn ilé wọ̀nyí. Ilé kò rìn, ilẹ̀ kò sì jìn. Títì ni ó ń ga sí i títí tí ó fi ga ju àgbà tí ó bá níbẹ̀ lọ.

Àjà ilẹ̀, èyíinì ni yàrá tí a kọ́ sí abẹ́ ilé, kì í ṣe àṣà ìkọ́lé tiwa. Àwọn ará ìlú òtútù ni ó ni ín, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: ní ìlú bíi Chicago ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ a máa dì gbagidi nígbà òtútù títí wọ inú lọ tó mítà kan, bí ìpìlẹ̀ ilé kò bá sì wọlẹ̀ kọjá ibẹ̀, ilẹ̀ tí ó dì yóò wú, yóò sì mi ilé, nígbà tí wọ́n sì ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n rí i pé òfò ni kí àwọn tún dí i padà, wọ́n bá fi ibẹ̀ ṣe yàrá. Àwa kò ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa a mọ pèpele, wọn a gbé ilé lé e. Bí agbo ilé bá sì yí àgbàlá ká, tí òrùlé gbogbo da ojú kọ àárín, tí òjò ń rọ̀ sínú ìkòkò àti àmù, wọn kì í ṣàìla ojú àgbàrá sí abẹ́ ògiri kí omi tí ó bá ṣẹ́kù lè bá tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé láìla ojú àgbàrá, wọn a bi í bóyá ilé ni ó ń kọ́ tàbí ìkòkò ni ó ń mọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àjà ilẹ̀ tí omi ń kún yẹ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun tí a kàn ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ìlú tí ọ̀sà yí ká, ti ní àjà ilẹ̀ láìgbẹ́lẹ̀, òjò oṣù kẹfà sì mọ ojúlé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí títì ṣe ń ga kì í ṣe àwámárìídìí. Ìjọba gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe dé, ó bá ọ̀dà àtijọ́ tí ó ti jẹrà. Dípò kí ó họ ọ́ kúrò kí ó tó ṣe tuntun, yẹ̀pẹ̀ pupa ni ó dà lé e, ó da òkúta wẹ́wẹ́ lé yẹ̀pẹ̀, ó fi katakata yí i mọ́lẹ̀, ó wá da ọ̀dà gbígbóná lé gbogbo rẹ̀ lórí. Bí ọdún bíi mélòó kan bá kọjá, tí ọ̀dà náà bá tún jẹrà, agbaṣẹ́ṣe mìíràn yóò dé, yóò sì ṣe gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ó lé lórí títì lè má ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, onílé kò sì ní rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí ìdùnnú títì tuntun ṣì wà lára gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ tí ń họ ọ̀dà àtijọ́ kò sí nílẹ̀ wa. Wọ́n lò ó lórí afárá Third Mainland nígbà tí wọ́n ń tún ọ̀dà ibẹ̀ ṣe, nítorí gbogbo ayé mọ̀ pé afárá kò lè máa ru ọ̀dà lé ọ̀dà títí ayé. Títì Muṣin lè rù ú. Ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni kò lè rù ú, kò sì sí ẹni tí ó bi ilé náà léèrè.

Òjò Èkó pẹ̀lú kì í ṣe òjò tí a ń fi ṣeré. Oṣù kẹfà ni ó máa ń pọ̀ jù, yóò sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, yóò sì tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí ó bá sì bínú, a máa rọ òjò oṣù kan ní ọjọ́ kan, bí ó ti ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2011, nígbà tí ohun tí ó rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo ju 200 mílímítà lọ. Mo mọ̀ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ omíyalé, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn, sí odò Ògùnpa tí ó kún ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tí ó gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ, àti sí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tí ó tún pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n omi Ìbàdàn yàtọ̀ sí omi Èkó. Omi Ìbàdàn ń ti orí òkè bọ̀, eré ni ó ń sá, ohun tí ó bá bá lọ́nà ni ó ń gbé. Omi Èkó kò rí ibi sá lọ, ó ń jókòó. Bí ó bá jókòó sí ìta, títì ni ó ń bàjẹ́. Bí ó bá rí ilé tí ó rẹlẹ̀ ju títì lọ, inú ilé ni ó ń jókòó sí, a sì máa pẹ́ kí ó tó dìde.

Bí omi bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí àwọn onílé wa máa ń kọ́kọ́ béèrè ni èló ni àpò sìmẹ́ńtì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀ ni ibo ni omi yìí gbà wọlé, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà, oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra. Omi tí ó ti títì bọ̀ máa ń pọ́n bí yẹ̀pẹ̀, á ru ọ̀rá àti ike wọlé, ìgbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ ni ó ń dé, bí ti títì bá sì fà, tirẹ̀ náà á fà. Omi tí ó ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ kò ní ariwo rárá: òjò á ti dá, oòrùn á ti ràn, ẹni tí ó nílé á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, kí ó tó rí omi tí ó mọ́ gaara tí ó ń sun jáde ní ibi tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé, bí a bá sì wo ẹsẹ̀ ògiri náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a óò rí ohun funfun kan bí iyọ̀ lára rẹ̀, èyí tí omi fà jáde láti inú búlọ́ọ̀kù, tí ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí òun gbẹ. Ìkẹta ni omi tí ó gba inú páìpù padà, tí ó ń ru jáde ní ojú omi ilé ìwẹ̀ àti nínú ṣáláńgá olómi, nítorí pé ṣọ́kàwéè ti kún fún omi òjò, ẹrù rẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àbáyọ. Èyí kò nílò àpèjúwe. Imú á sọ fún ẹni tí ó ni ín.

Mo dúró nígbà kan níbi tí ìyá onílé kan àti bíríkìlà rẹ̀ ti ń dúnàádúrà. Bíríkìlà ní, "Màámi, ẹ fi ọkàn balẹ̀. A ó họ ògiri yìí, a ó po oògùn omi mọ́ sìmẹ́ńtì, a ó fi rẹ́ ẹ láti inú, a ó wá fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Omi kankan kò ní wọlé mọ́." Ìyá wò ó, ó ní, "Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó ṣe é léṣìí wí." Bíríkìlà ní, "Ẹni tí ó ṣe é léṣìí kò mọ iṣẹ́, Màámi."

Bóyá ẹni èṣí kò mọ iṣẹ́ lóòótọ́, bóyá ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé kò sí bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ tó láti fi ọ̀dà ojú ògiri bá omi ẹ̀yìn ògiri jà kí ó sì borí. Omi tí ó bá dúró ní ìwọ̀n mítà kan lẹ́yìn ògiri ń ti ẹsẹ̀ ògiri náà pẹ̀lú agbára tí ó tó ìwúwo tọ́ọ̀nù kan lórí gbogbo mítà kan níbùú lóròó, tọ̀sán tòru, kò sì ń sinmi. Ẹ̀yìn ni ó wà, ọ̀dà tí a kùn wà níwájú. Ó ń ti ọ̀dà náà kúrò lára ògiri ni, kò tilẹ̀ nílò láti là á kọjá. Ní oṣù kẹta ọ̀dà á máa dán, ní oṣù keje á ti wú roporopo, ní oṣù kẹwàá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Kí ẹnikẹ́ni tó san owó, ìdánwò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan. Kí ó nu ibi kan lára ògiri gbẹ, kí ó gé ọ̀rá funfun tí ojú ríran kọjá nínú rẹ̀ tó ojú abọ́, kí ó fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ yíká, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí àárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀, ìta ni ìwòsàn rẹ̀ sì wà. Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tí ó kọ sí yàrá ni ó tutù, èémí àwọn tí ń gbé yàrá náà ni, àti oúnjẹ tí wọ́n ń sè níbẹ̀. Fèrèsé ni kí wọ́n ṣí, kí wọ́n jẹ́ kí bíríkìlà lọ sinmi.

Ìwòsàn ìta tí mo wí yìí, orí òrùlé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ojú wa kì í dé. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 15, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò 50 mílímítà bá rọ̀ lé e, lítà 7,500 ni yóò da sílẹ̀ láti orí páànù. Èyí yóò kún drọ́ọ̀mù onílítà 200 mẹ́tàdínlógójì, yóò sì ṣẹ́kù. Gbogbo omi yìí, omi àbùwẹ̀, omi àbùmu, tí à bá fi àmù àti drọ́ọ̀mù gbà, ẹsẹ̀ ògiri gan-an ni ilé wa ń dà á sí, tí ó fi ń gbẹ́ ihò yíká ilé, tí ó sì ń mu ìpìlẹ̀ lómi. Gọ́tà òrùlé àti páìpù kan tí ó gbé omi náà jìnnà sí ògiri kò wọ́n tó owó tí a ń ná lórí ọ̀dà lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni ojú ilẹ̀: àwọn akọ́lé ní Amẹ́ríkà ní òfin kan, pé láàárín mítà mẹ́ta àkọ́kọ́ sí ògiri, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 dagun kúrò lọ́dọ̀ ilé. Ní àwọn ilé tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ ilé ni ilẹ̀ ń dagun sí. Bí onílé kò bá lè yí èyí padà, kí ó gbẹ́ yàrà sí àárín títì àti ògiri rẹ̀, kí ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí ó tẹ́ páìpù tí a lu ihò sí lára sínú òkúta náà, kí omi lè rí ibẹ̀ gbà kí ó tó kan ilé. Fún omi tí ń gba páìpù padà, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà tí àwọn púlọ́mbà mọ̀, tí a ń fi sẹ́nu páìpù, tí í ṣí fún ohun tí ń jáde, tí í sì í tì mọ́ ohun tí ó fẹ́ padà wọlé.

Ibo wá ni yàrà náà yóò da omi rẹ̀ sí? Nínú ilé tí ó ga, gọ́tà ìjọba ni. Ṣùgbọ́n gọ́tà ìjọba ga ju ilé yìí lọ, omi kì í sì í gun òkè. A ní láti gbẹ́ kànga kékeré kan sí igun ilé kí omi máa pàdé síbẹ̀, kí pọ́ǹpù sì máa fà á sókè, pẹ̀lú irú ọ̀pá tí ń léfòó tí ó wà nínú tánkì orí ilé wa, tí í tan pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ bí omi bá dé ìwọ̀n kan. Ọ̀pọ̀ ilé ní Chicago ni ó ń lò ó. Àmọ́ iná ọba wa kì í dúró de òjò. Bí ìjì bá ti gbé ọwọ́ sókè ni iná ti lọ, wákàtí tí pọ́ǹpù wúlò jù ni kò ní ṣiṣẹ́, àfi bí bátìrì bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú yàrá tí ó wọlẹ̀ nítorí kí òjò má baà pa á; májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn tí a fi lè mọ̀ ọ́n, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná pẹ̀lú má sì wà ní ìsàlẹ̀ ògiri irú yàrá bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ti onílé kan ni. Bí mo bá dúró síbẹ̀, n kò tíì sọ ohun tí ó mú mi gbé kálàmù, nítorí omi kò mọ ojúlé kan yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Wọ́n wí i dáadáa, ṣùgbọ́n ní Èkó òde òní, ọ̀nà tí onílé kan ń gbà kọ̀ fún àgbàrá ni pé ó ń tọ́ka ilé ẹnìkejì rẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá lówó a wó ilé bàbá rẹ̀, a ra yanrìn típà mẹ́wàá, típà ogún, a fi gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga ju títì lọ, a mọ fẹ́ǹsì yí i ká, a sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Omi tí ó ti máa ń sùn nínú àgbàlá rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò kú. Ó dìde, ó kọjá sí ilé kejì. Onílé kejì náà, bí ó bá lówó, a pe típà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ ní ojúlé dé ojúlé, títí tí gbogbo omi òpópónà yóò fi pàdé sí ilé opó kan, tàbí ilé ẹbí kan tí àwọn ọmọ bàbá kan ṣoṣo ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀ ní kóòtù. Èyí tí kò bá rí ilé wọ̀, a dúró sójú títì, nítorí pé àwọn tí ó da yanrìn ti dí gọ́tà lójú kí ọkọ̀ wọn lè wọlé. Ọ̀dà a jẹrà nínú omi náà, ìjọba a gbé iṣẹ́ jáde, agbaṣẹ́ṣe a dé, títì a tún ga sí i, àwọn tí ó da yanrìn lánàá a sì tún di ẹni ìsàlẹ̀. Mo ti rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò tíì gbó tí wọ́n ti ń mọ ìdènà omi sí ẹnu géètì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Chicago tí mo ti dárúkọ, nítorí pé ohun tí ń ṣe wá yìí ti ṣe wọ́n rí. Ní àárín ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, ìlú náà kò yàtọ̀ sí Èkó: ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ga ju adágún Michigan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ tó ohun tí a lè máa sọ, tí omi ìdọ̀tí kò fi rí ibi ṣàn sí, tí àrùn onígbáméjì sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ níbẹ̀ ní 1854. Ní 1855 wọ́n gba onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Ellis Chesbrough síṣẹ́. Ohun tí ó dá lábàá ni pé kí wọ́n to páìpù ńláńlá sójú títì, kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, kí gbogbo títì àárín ìlú sì fi bẹ́ẹ̀ ga sókè, ní ibòmíràn ju mítà kan lọ. Kí ilé wọn má baà rẹlẹ̀ ju títì lọ, àwọn ọlọ́rọ̀ pe àwọn oníjáàkì: ní 1861, ilé ìtura Tremont House, ilé bíríkì alájà mẹ́fà, ni wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáàkì gbé sókè díẹ̀díẹ̀, tí àwọn àlejò inú rẹ̀ ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń sùn. George Pullman, tí ó wá di gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà nípa kíkọ́ ọkọ̀ rélùwéè, wà lára àwọn tí ó gba iṣẹ́ náà. Kí ni ti òṣìṣẹ́ tí kò lówó jáàkì? Títí di òní, ní àdúgbò Pilsen nínú ìlú náà, ilé wà tí àgbàlá rẹ̀ rẹlẹ̀ ju títì lọ, tí a ń gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti 1975 ni Chicago ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ńlá sínú òkúta abẹ́ ilẹ̀ kí omi òjò lè rí ibi wọ̀ sí, gígùn ihò náà ti tó nǹkan bí kìlómítà 175, síbẹ̀ nígbà tí òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù keje 2023, àjà ilẹ̀ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ìlú náà kún fún omi ìdọ̀tí. Ìlú tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀ kò tíì san gbèsè títì tí ó gbé sókè tán.

Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá gbé títì ga ni ó gbé omi wọ ilé, òun ni ó sì yẹ kí ó bójú tó o. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé gbogbo iṣẹ́ títì pé agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí ó tó da tuntun. Kí àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wọn ìwọ̀n ilẹ̀ gbogbo ilé tí ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì títì, kí ẹnu gọ́tà má sì ga ju ilẹ̀ ilé tí ó bá níbẹ̀ lọ. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò béèrè ìwé ìwọ̀n náà kí wọ́n tó gbé àga síta láti kí agbaṣẹ́ṣe káàbọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ da yanrìn, kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà hàn àwọn aládùúgbò rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwa náà ń dí gọ́tà. Ìjọba Èkó fi òfin de abọ́ oúnjẹ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní oṣù kìíní 2024, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí ó mọ́ tónítóní, bí ó bá ga ju ilé lọ, inú ilé ni yóò ṣì máa da omi sí.

Ó ku àwọn ilé tí ó ti wọlẹ̀ kọjá àtúnṣe. Àwọn kan ń dí ilẹ̀ yàrá wọn ga: wọn a kó òkúta sí i, wọn a tẹ́ ọ̀rá nípọn lé e, wọn a da kọ̀ǹkéré lé ọ̀rá, èyí sì dára níbi tí àjà bá ga tó, níbi tí kò bá ga tó, wọ́n ń gbé ilẹ̀ lọ bá àjà títí tí fáànù fi fẹ́ máa gé ènìyàn lórí. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ènìyàn sùn sí. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2021, ìyókù ìjì Ida dé ìlú New York ní Amẹ́ríkà, òjò tí ó rọ̀ ní ọgbà Central Park níbẹ̀ láàárín wákàtí kan ju 75 mílímítà lọ. Nínú ènìyàn 13 tí ó kú ní ìlú náà, 11 ni ó ń gbé inú àjà ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àjèjì tí ó wá wá oúnjẹ òòjọ́ tí kò sì rí yàrá mìíràn tí agbára rẹ̀ ká. Omi a máa dúró ti ìlẹ̀kùn lóde tí ẹni inú ilé kò fi ní lè ṣí i. Ní tiwa, a tún ti fi irin olè dí gbogbo fèrèsé.

Mo mọ ohun tí àwọn onílé yóò wí. Wọn yóò ní ilé ẹbí ni, ẹbí kò tíì fi ẹnu kò, owó ilé yàrá mẹ́rin ìsàlẹ̀ náà sì ni màmá àgbà fi ń ra oògùn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n yàrá tí omi ti wọ̀ ní òjò méjì tí ó tẹ̀ léra, kí wọ́n kó ayálégbé jáde níbẹ̀ kí oṣù kẹfà tó dé, kí wọ́n fún un ní owó rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, kí wọ́n fi yàrá náà kó igi, páànù àti àga ayẹyẹ sí, kí wọ́n sì tú irin ojú fèrèsé kan, ó kéré tán, nínú yàrá kọ̀ọ̀kan tí ó kù ní ìsàlẹ̀ náà, kí ó lè ṣí láti inú.